Hàmóníkà oníhò mẹ́wàá: bí ẹ ṣe lè yan èyí tó lè kọ orin wa

Ẹni tó bá ń wá hàmóníkà, ohun èlò orin kékeré tí a ń fi ẹnu fọn, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lónìí á rí i. Àwọn kan wà lọ́jà Ouando tí wọ́n kó pọ̀ mọ́ ohun ìṣeré ọmọdé, àwọn kan wà tí ẹ̀gbọ́n ẹni mú bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé, àwọn kan sì wà tí a máa ń bẹ ọ̀rẹ́ pé kó bá wa rà bọ̀ láti Èkó. Gbogbo wọn ló ń dún. Èyí tó lè gbé orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí pé ohùn kan sá níbẹ̀ ni kò pọ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè. Lójú tèmi, ìyẹn lè dúró dìgbà tó bá yá. Bí wọ́n ṣe to ohùn sínú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á, nítorí àwọn orin wa fẹ́ràn láti sọ̀kalẹ̀ lọ bá ohùn kan, ohùn yẹn gan-an ni kò sí nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù.

Ẹ mọ èyí tí ẹ ń wá

Oríṣi mẹ́ta lẹ máa bá pàdé. Tremolo ni àkọ́kọ́: ó gùn, ihò rẹ̀ wà ní ìlà méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ahọ́n idẹ méjì ló ń jùmọ̀ dún fún ohùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọ̀kan fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ kí ohùn náà lè máa gbọ̀n. Ó dùn fún orin tó ń lọ jẹ́jẹ́, àmọ́ kò rọrùn rárá láti tẹ ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹnu ṣe máa ń ṣe. Ìkejì ni kòrómátíìkì, tó ní bọ́tìnnì létí kan. Kò sí ohùn tí kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ìtọ́jú rẹ̀ sì ń fẹ́ sùúrù.

Ìkẹta ni tiwa yìí: ihò mẹ́wàá lórí ìlà kan ṣoṣo, ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, àtẹ́lẹwọ́ gbà á. Ihò kọ̀ọ̀kan ní ahọ́n méjì: ọ̀kan ń dáhùn tí ẹ bá fẹ́ èémí sí i, èkejì ń dáhùn tí ẹ bá fa èémí sínú. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ahọ́n 20. Wọ́n máa ń kọ diatonic sára páálí rẹ̀. Àwọn mìíràn á kọ blues sí i, kí ìyẹn má dà yín láàmú. Ohun èlò kan náà ni, ó lè kọ orin ìyìn, ó sì lè kọ orin Ẹ̀fẹ̀.

Ẹ wo lẹ́tà tó wà lára ìdérí rẹ̀ pẹ̀lú. Àwa tí a kọ́ orin nílé ìwé Faransé mọ do, re, mi. Lẹ́tà ni àwọn tó ń ṣe hàmóníkà ń lò. A ni la, B ni si, C ni do, D ni re, E ni mi, F ni fa, G ni sol. Lẹ́tà yẹn ló ń sọ ibi tí orin ti máa sinmi lórí hàmóníkà náà. Nínú gbogbo ohun tí mo máa kọ sísàlẹ̀ yìí, do tí mò ń wí ni do àwọn akọrin: ilé orin, ibikíbi tí ilé náà bá wà, kì í ṣe do orí pátákó ìkọ̀wé olùkọ́ nìkan.

Ẹ kọ orin mẹ́ta sílẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ mú bébà. Ẹ yan orin mẹ́ta tí ẹ fẹ́ fọn ní tòótọ́, àwọn tí ẹ ti mọ̀ lórí. Ẹ máa kùn ún títí dé òpin. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí orin ti sinmi tó dà bíi pé kò sí ibi mìíràn láti lọ mọ́ ni do. Ẹ kọ àwọn ohùn tó kù sílẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹni tí kò mọ do-re-mi dáadáa lè bẹ ọ̀gá akọrin kan ní ìjọ tàbí olùkọ́ kan; iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ohun méjì ni kí ẹ fà ìlà sí lábẹ́. Ẹ wo ohùn tí orin náà ń lò. Ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ wa, láti Àjàṣẹ́ dé Kétu dé Sábẹ̀, ohùn márùn-ún ló ń yí ká: do, re, mi, sol, la. Fa àti si lè má yọjú níbẹ̀ rárá, tàbí kí wọ́n kàn kọjá lọ. Orin ìyìn tí àwọn òyìnbó kọ, tí a túmọ̀ sí èdè wa, ni fa àti si pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wò ó bóyá orin náà ń sọ̀kalẹ̀ kọjá do lọ sí la àti sol ìsàlẹ̀ kó tó padà wálé. Tiwa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, pàápàá níbi tí elégbè bá ti ń dá olórin lóhùn.

Bébà yẹn ni ẹ máa gbé lọ sọ́jà. Bí orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń lọ sí la ìsàlẹ̀, abala tó kàn yìí kan yín gidigidi.

Ibi tí la kò sí

Hàmóníkà oníhò mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni bá tà fún yín láìsọ nǹkan kan, ètò tí wọ́n ń pè ní Richter ló wà nínú rẹ̀. Láti ihò kìíní dé ìkẹwàá:

Fẹ́: do, mi, sol, do, mi, sol, do, mi, sol, do
Fà: re, sol, si, re, fa, la, si, re, fa, la

Ẹ fi ìka tẹ̀ lé e. Láàárín, láti ihò kẹrin dé ìkeje, ohun gbogbo pé: do (fẹ́ 4), re (fà 4), mi (fẹ́ 5), fa (fà 5), sol (fẹ́ 6), la (fà 6), si (fà 7), do (fẹ́ 7). Lókè, láti do ihò keje (fẹ́ 7) dé do ihò kẹwàá (fẹ́ 10), si ni kò sí. Bí orin yín bá jẹ́ olóhùn márùn-ún, ẹ ò ní mọ̀ pé kò sí. Ní ìsàlẹ̀, nínú ihò mẹ́ta àkọ́kọ́, fa kò sí, la náà kò sí. Ṣùgbọ́n sol wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́ 3 àti fà 2.

Wọn kò ṣèèṣì ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ fẹ́ kí ẹni tó ń fọn ún lè fi ihò ìsàlẹ̀ gbe orin lẹ́sẹ̀: bí ẹ bá fẹ́ ihò mẹ́ta pọ̀, do, mi, sol á jáde, bí ẹ bá fà wọ́n pọ̀, sol ló máa jọba. Ó bá orin ijó ilẹ̀ Jámánì mu. Fún ẹni tó fẹ́ fi fọn orin tó ń ti do sọ̀kalẹ̀ sí la, ihò ńlá ni ó gbẹ́ sílẹ̀. Ẹ gbìyànjú orin yín láti fẹ́ 4 gẹ́gẹ́ bíi do, kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀: si wà ní fà 3, sol wà ní fẹ́ 3, àmọ́ la kò sí. Ohùn tí ọ̀rọ̀ orin wa gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn, bí a bá sì fo ohùn nínú orin Yorùbá, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè yí padà sí nǹkan mìíràn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti bọ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni kí ẹ tẹ ohùn fà 3 wálẹ̀. Tí ẹ bá yí ìrísí inú ẹnu àti ahọ́n yín padà nígbà tí ẹ ń fà á, si á sọ̀kalẹ̀ ní ìdajì ohùn mẹ́ta (ìdajì ohùn ni ìṣísẹ̀ tó kéré jù lórí kíbọ́ọ̀dù), la sì wà láàárín wọn. Àárín yẹn ló mú kó le. Kò sí ohun tó dá ohùn dúró níbẹ̀ bí kò ṣe etí àti ọ̀fun yín, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó dúró síbi kan. Ẹ máa kọ́ ọ lọ́jọ́ iwájú, nítorí títẹ ohùn ló ń jẹ́ kí hàmóníkà lè yọ̀ bọ́ láti òkè sí ìsàlẹ̀ bí ohùn wa ṣe máa ń yọ̀ nínú ọ̀rọ̀. Fà 4 àti fà 6 rọrùn fún un ju fà 3 lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ máa dúró dè é kí ẹ tó lè fọn orin àkọ́kọ́, èmi ò rò pé ó yẹ.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ gbé orin náà sókè, kí ẹ mú fẹ́ 7 ní do. Nígbà yẹn, la ìsàlẹ̀ yín di fà 6, sol di fẹ́ 6, gbogbo ohùn márààrún sì wà láti ibẹ̀ dé ihò kẹwàá. Owó kankan kò jáde. Àbùkù rẹ̀ ni pé ihò òkè máa ń han, kò sì dùn mọ́ etí nínú yàrá kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, kó ra èyí tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, G tàbí A.

Ọ̀nà kẹta ni mo fẹ́ràn jù: ẹ ra èyí tí wọ́n ti yí ohùn kan péré padà nínú rẹ̀. Paddy Richter lorúkọ ètò náà. Brendan Power, olórin hàmóníkà tó dàgbà ní New Zealand, ló gbé e jáde torí àtilè fọn orin ìbílẹ̀ Ireland. Ohun tó ṣe kò ju pé ó gbé fẹ́ 3 sókè láti sol sí la. Sol kò sọnù, ó ṣì wà ní fà 2. Ó wá di pé do, re, mi, sol, la ìsàlẹ̀ pé: fẹ́ 1, fà 1, fẹ́ 2, fà 2, fẹ́ 3. Orin tó ń ti do àárín sọ̀kalẹ̀ sí la náà sì rí ilé. Àwọn ará Ireland ni wọ́n ṣe é fún, orin wa ló jọ pé ó ń dúró dè é.

Ó tún ṣe àǹfààní kejì. Àwọn tó mọ hàmóníkà máa ń fi fà 2 ṣe ilé orin, kí ohùn wọn lè ní okun. Bí fà 2 bá di do tuntun, re tuntun gbọ́dọ̀ wà níbi tí la yẹn sá sí. Pẹ̀lú Paddy Richter, ẹ máa rí do (fà 2), re (fẹ́ 3), mi (fà 3), sol (fà 4), la (fẹ́ 5), do (fẹ́ 6). Tí orin bá sì sọ̀kalẹ̀ kọjá ilé, la wà ní fẹ́ 2, sol wà ní fà 1. Hàmóníkà kan ṣoṣo ti di ilé orin méjì: ẹni tó ra C lè kọrin ní C, ó tún lè kọ ọ́ ní G, láìtẹ ohùn kankan.

Ohun tí ẹ máa pàdánù ni ìró ihò mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fẹ́ pọ̀. La máa wọ àárín rẹ̀. Ẹni tó ń fọn ohùn lọ́kọ̀ọ̀kan kò ní fi bẹ́ẹ̀ nímọ̀lára rẹ̀.

Lee Oskar, olórin hàmóníkà tó ń ta hàmóníkà lórúkọ ara rẹ̀, ní èyí tí wọ́n ń pè ní Melody Maker, tó gbé fẹ́ 3 sókè bákan náà, tó sì tún gbé fà 5 àti fà 9 sókè ní ìdajì ohùn kí gbogbo ohùn lè pé láti fà 2. Ó dára fún orin ìyìn. Ẹ ṣọ́ra o: lẹ́tà ara rẹ̀ ń tọ́ka sí fà 2, kì í ṣe fẹ́ 1. Èyí tí wọ́n kọ G sí, do àti mi ti C ni ẹ máa bá bí ẹ bá fẹ́ ihò kìíní àti ìkejì.

Lẹ́tà wo ni kí ẹ mú?

Láàárín lẹ́tà méjìlá tó wọ́pọ̀, G ló wà nísàlẹ̀ jù, ó ń gòkè lọ sí A, B, C, D, títí dé F àti F tí ó ní àmì dièse (♯). Bí ẹ bá ń kọ́ ọ nílé fúnra yín, ẹ mú C, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò, ahọ́n rẹ̀ kò sì lọ́ra bíi ti G, kò sì han bíi ti F.

Bí ẹ bá fẹ́ bá èèyàn kọrin, ọ̀rọ̀ yí padà. Àjàṣẹ́ ni ìjọ Ṣẹ̀lẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947, kò sì sí àdúgbò tí ẹ ò ti ní gbọ́ akọrin níbí. Ẹ lọ bi ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù níbi tí ẹ ti ń jọ́sìn pé lẹ́tà wo ni wọ́n máa ń kọ àwọn orin yín mẹ́ta yẹn. Ìdáhùn rẹ̀ ni ẹ máa rà. Bó bá sọ F, ẹ rántí pé C tí ẹ fi fà 2 ṣe ilé á mú yín dé G, kò ní mú yín dé F. B tí ó ní àmì bémol (♭), tí ẹ fi fà 2 ṣe ilé, ló máa ṣe é. Bó bá jẹ́ àárín onílù ni ẹ fẹ́ wà, tí kò sí kíbọ́ọ̀dù, ẹ tẹ̀ lé ohùn olórin fúnra rẹ̀: ẹ jẹ́ kó kọ ọ́, kí ẹ fi fóònù mọ ibi tó ń sinmi sí. Níbi ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, ẹ ò ní gbọ́ hàmóníkà kankan láìsí makirofóònù, lẹ́tà yòówù kó jẹ́.

Bí wọ́n ṣe wọn ohùn rẹ̀

Ibí yìí ni àwọn olùtajà kì í dé. Àwọn tó ń ṣe ohun èlò orin pín ìdajì ohùn kọ̀ọ̀kan sí 100. Kíbọ́ọ̀dù pín ohùn rẹ̀ ní dọ́gbadọ́gba. Hàmóníkà àtijọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n fa àwọn ohùn kan wálẹ̀ kí wọ́n lè dùn nígbà tí ihò mẹ́ta bá dún pọ̀. Mi rẹ̀ lè fi 14 rẹlẹ̀ ju ti kíbọ́ọ̀dù lọ, fa inú fà 5 lè fi nǹkan bíi 30 rẹlẹ̀. Tí ẹ bá wá fọn fa yẹn nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù, gbogbo ìjọ á yíjú wò yín.

Fún orin ohùn kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n wọ̀n dọ́gba ló dára jù. Golden Melody ti Hohner, ilé iṣẹ́ Jámánì kan, lókìkí fún èyí, Lee Oskar náà sì wà lọ́nà yẹn. Special 20 àti Marine Band ti Hohner wà láàárín méjèèjì. Wọ́n ṣì bá kíbọ́ọ̀dù rẹ́ dáadáa, ohùn wọn sì tún dùn bí ihò méjì bá dún pọ̀. Mi ò ní bá ẹni tó mú ọ̀kan nínú wọn jà.

Igi, ike, idẹ, irin

Àárín hàmóníkà, níbi tí wọ́n la ihò sí, lè jẹ́ igi, ike tàbí irin. Àwọn èèyàn ń jiyàn pé igi ló ń jẹ́ kí ohùn dùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn. Fún wa, ojú ọjọ́ ló máa pinnu. Afẹ́fẹ́ Àjàṣẹ́ tutù látinú ọ̀sà fún ọ̀pọ̀ oṣù, igi á mu omi, á wú, etí rẹ̀ á yọ síta, á sì máa họ ètè. Ní Sábẹ̀, nígbà ọyẹ́, igi kan náà á gbẹ, á sún kì, afẹ́fẹ́ á sì máa jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo idẹ tí ahọ́n wà lára rẹ̀. Ẹ ra oníke. Bí ọkàn yín bá kúkú fẹ́ igi, ẹ wá èyí tí wọ́n fi ọ̀dà dí, tí wọ́n sì fi síkúrù dè, bíi Marine Band Deluxe. Marine Band tó ti wà láti 1896 jẹ́ onígi, ìṣó ni wọ́n fi kàn án. Ohùn rẹ̀ dára gan-an, ṣùgbọ́n ṣíṣí rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ahọ́n inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ idẹ. Seydel ń fi irin tí kì í dípẹtà ṣe tirẹ̀ nínú àwọn kan, bí èyí tí wọ́n sọ ní 1847, ọdún tí ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Klingenthal ní Jámánì. Irin ń pẹ́ kí ohùn rẹ̀ tó yẹ̀, owó rẹ̀ sì fi hàn bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mo máa rà, bí owó bá ṣe rí

Àwọn tó dára láàárín tọwọ́ Jámánì àti Japan sábà máa ń wà láàárín 40 sí 60 yúrò ní Yúróòpù. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 26,000 sí 39,000 sẹfá, kí ẹ tó fi owó ọkọ̀ àti owó aṣọ́bodè kún un. Owó tó gbọ̀n ẹni ni, mo mọ̀.

Bí owó bá wà fún ẹyọ kan péré, Seydel tàbí Easttop tí wọ́n ti tò ní Paddy Richter ni kí ẹ bi ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun kó bá yín mú wá. Ará Ṣáínà ni Easttop, owó rẹ̀ kéré ju ti Jámánì lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní T008K sì ń ṣe dáadáa fún owó rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí Paddy Richter, Special 20: ike ni àárín rẹ̀, àwo idẹ rẹ̀ rì sínú ike náà tí kò fi ń gé ètè, síkúrù ló sì de ìdérí rẹ̀. Lee Oskar tẹ̀ lé e. Ilé iṣẹ́ Tombo ní Japan ló ń ṣe é fún un, àǹfààní ńlá tó sì ní ni pé wọ́n ń ta àwo idẹ rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ohùn kan bá kú, ẹ ò ní ju gbogbo rẹ̀ nù.

Ọ̀rọ̀ kan nípa orúkọ Hohner. Láti 1857 ni wọ́n ti ń ṣe hàmóníkà ní Trossingen, orúkọ náà sì ti dé ibi gbogbo. Wọ́n ní àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà pẹ̀lú. Kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ Special 20. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó gba owó Jámánì lọ́wọ́ yín. Ayédèrú gidi náà wà: lẹ́tà orúkọ á ṣì, ìtẹ̀wé á ràn, ìdérí á fẹ́lẹ́ bí agolo.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò lójú olùtajà

Ẹ kí ìyá tó ń tà á dáadáa, kí ẹ sì sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ẹ fẹ́ dán an wò. Àwọn kan kò ní gbà, ẹ̀tọ́ wọn sì ni, ta ló fẹ́ ra ohun tí ẹlòmíràn ti fi ẹnu sí? Ẹ mú aṣọ mímọ́ dání, kí ẹ nù ún kí ẹ tó fọn ún àti lẹ́yìn tí ẹ bá fọn ún. Bí ó bá kọ̀ pátápátá, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé bí ohùn kan kò bá dún, ẹ máa dá a padà lọ́jọ́ kejì, kí ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tó gbọ́.

Ẹ gbọ̀n ọ́n létí. Kò yẹ kí nǹkan kan máa mì nínú rẹ̀.

Ẹ fẹ́ ihò kìíní jẹ́jẹ́, bí ẹni ń mí lójú oorun. Èyí tó dára á dáhùn sí èémí kékeré. Èyí tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ kó tó dún ń jò, ẹ dá a padà sórí tábìlì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ dé ihò kẹwàá, lẹ́yìn náà kí ẹ máa fà wọ́n bọ̀. Fẹ́ 10 máa ń ṣòro fún ẹni tuntun, fà 2 náà á dà bíi pé ó ń fún ní ọ̀fun tàbí pé ó rẹlẹ̀ jù. Kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bá olùtajà jà, ẹ la ọ̀fun, ẹ sọ àgbọ̀n kalẹ̀, ẹ tún fà á. Ẹnu wa ló sábà máa ń fa ti ihò kejì, kì í ṣe hàmóníkà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìdánwò tí mo fẹ́ràn. Lórí Richter, fà 2 àti fẹ́ 3 jẹ́ sol kan náà. Ẹ fọn ọ̀kan, kí ẹ fọn èkejì tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé tó dúró tì yín gbọ́ ọ, ẹ má rà á. Lórí Paddy Richter, fẹ́ 3 ni kí ẹ fi wé fà 6: la méjèèjì ni, ọ̀kan ga ju èkejì lọ ní ìpele kan. Bí fẹ́ 3 bá ṣì ń jẹ́ sol, páálí ló purọ́.

Bí fóònù yín bá ní ètò tó ń wọn ohùn, ẹ lò ó. Kí ẹnu má yà yín bí gbogbo rẹ̀ bá fi díẹ̀ ga. Àwọn ilé iṣẹ́ sábà máa ń wọn la sí 442 tàbí 443 Hz dípò 440 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), torí bí a bá fi agbára fọn ún, ohùn rẹ̀ máa ń rọ̀ wálẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá ni ohùn kan tó yapa kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá fi orin àkọ́kọ́ lórí bébà yín parí ìdánwò náà.

Nígbà tó bá dé ilé

Ẹ fi ẹnu mímọ́ fọn ún. Obì, àkàrà, gààrí, ọtí ẹlẹ́rìndòdò: èyíkéyìí nínú wọn tó bá wọ inú ihò á lẹ̀ mọ́ ahọ́n, ohùn á sì dákẹ́ láàárín orin. Bí ẹ bá ti fọn ún tán, ẹ gbọ̀n itọ́ rẹ̀ dànù sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó pa àpótí rẹ̀ dé. Ẹ má fi sápò ẹ̀yìn ṣòkòtò lórí ọ̀kadà láti Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu, ẹrùpẹ̀ pupa ọ̀nà yẹn kò mọ ẹni tó ra nǹkan olówó ńlá. Oníke ṣeé fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn. Onígi kò gbọdọ̀ rí omi.

Bí ohùn kan bá dákẹ́ lójijì, kì í sábà jẹ́ pé ahọ́n ti ṣẹ́. Ẹ tú síkúrù ìdérí, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo ahọ́n ihò yẹn. Fọ́nrán òwú tàbí èérún oúnjẹ lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ fi bébà tín-ínrín yọ ọ́ láti ìdí ahọ́n síwájú, ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ gbé ahọ́n náà sókè. Ẹ gbá a díẹ̀ pẹ̀lú èékánná kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń dún. Bó bá ń dún, ẹ dè é padà, kí ẹ má fún síkúrù náà jù, torí ike kò ní sọ fún yín kó tó là.